Bàbá Páílọ́ọ̀tì Kì Í Ṣe Èrò

Nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, kí ọmọ tó ra bírò tán ni bàbá rẹ̀ ti ń jẹ́ Bàbá Lọ́yà. Bí ọmọ náà bá lọ gba fọ́ọ̀mù yunifásítì, tí kò tíì kọ orúkọ sí i, Bàbá Dókítà ti dé nìyẹn. Mo ti rí oríṣiríṣi irú bàbá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá gbogbo wọn ni Díákónì Akínpẹ̀lú, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú, kí ọmọ náà tó fojú kan bàálù nítòsí, bàbá ti ra ọ̀dà pupa, ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri tó kọjú sí títì pé ILÉ BÀBÁ PÁÍLỌ́Ọ̀TÌ.

Martha ni orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ará Ọjà Igbó sì máa ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ́rẹ́ mi lọ. N kò bá wọn jà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú nígbà tí Olúwaṣògo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún Díákónì, ṣì wà ní pírámárì, ọ̀dọ̀ mi ló sì dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ń san owó ilé-ìwé rẹ̀ déédéé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dé ìparí.

Lọ́dún 1988 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí ètò Sáàpù ìjọba ti yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Ìlọrin ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, ti aládàáni ni, àwọn bàálù kéékèèké rẹ̀ kò sì gbà ju ènìyàn méjì lọ: akẹ́kọ̀ọ́ lápá òsì, olùkọ́ lápá ọ̀tún. Bí Ṣògo bá wálé lópin ọ̀sẹ̀, ìwé kan kì í kúrò lábẹ́ apá rẹ̀. Mo rò pé ìwé bí wọ́n ṣe ń fò ni. Ó ní rárá, ìwé òfin ni, pé awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òfin ń pe olúkúlùkù nǹkan kí wọ́n tó lè fi ẹ̀mí lé e lọ́wọ́. Mo ní kó jókòó, kó máa kà á fún mi, ṣùgbọ́n kó máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ohun tí ènìyàn kò bá lè sọ yé àbúrò ìyá rẹ̀, ó kàn há a sórí ni.

Bí èmi nọ́ọ̀sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òfin òfuurufú nìyẹn, lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú mi, pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú abọ́.

"Kí ni ṣólò?"

"Kí akẹ́kọ̀ọ́ fò lóun nìkan, Àǹtí, láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò sì lè fò bẹ́ẹ̀ àfi bí olùkọ́ bá ti buwọ́ lù ú pé ó ti lè ṣe é."

Ìyẹn yé mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì tuntun tó ń gbẹ̀bí nígbà àkọ́kọ́ tí mátírọ́ọ̀nù jáde kúrò nínú yàrá.

"Kírọ́ọ̀sì-kọ́ńtìrì ńkọ́?"

"Kéèyàn fò kúrò ní pápá kan, kó wá ọ̀nà fúnra ẹ̀, kó balẹ̀ sí pápá mìíràn, kó sì padà síbi tó ti wá."

Bàbá rẹ̀ tó yà kí wa lọ́jọ́ yẹn gbọ́ ìbéèrè náà, kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn náà sá kírọ́ọ̀sì-kọ́ńtìrì ní ilé-ìwé olùkọ́ni, pé ipò kẹta ni òun ṣe. Kí ọmọ tó la ẹnu, bàbá ti jáde lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ó sọ fún àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì gba ẹsẹ̀ líle, pé wọ́n á kọ́kọ́ sáré yí pápá ká kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè wọ bàálù.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn ni páílọ́ọ̀tì-ìn-kọmáǹdì. Ṣògo ní ẹni tí àṣẹ bàálù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n á bi. Bó bá sì ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

"Bí gómìnà bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Gómìnà á dákẹ́, Àǹtí."

"Sójà ni gómìnà wa o."

Ó rò ó díẹ̀. "Á kọ́kọ́ bínú ná. Lẹ́yìn náà, á dákẹ́."

"Bí bàbá ẹ bá wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀pà, ó ṣí ojú ewé mìíràn. Ojú ewé náà ló kà fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ gbé pasẹ́ńjà rárá. Mo bi í pé ta ni pasẹ́ńjà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú bàálù tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ni, ì báà san owó, ì báà má san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kedere báyìí, òun gan-an ni ìlú gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ tí wọ́n sọ di nǹkan mìíràn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Díákónì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti di páílọ́ọ̀tì. Wọ́n pe Ṣògo síwájú, wọ́n gbé máìkì fún un. Ọmọ tí mo tọ́ kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni mí. Mi ò tíì gba láísẹ́ǹsì. Òfin ò tiẹ̀ gbà mí láyè láti gbé pasẹ́ńjà."

Bàbá rẹ̀ gba máìkì náà. "Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní òun kì í gbé èrò. Ọmọ tèmi kì í ṣe kábúkábú."

Ṣọ́ọ̀ṣì pàtẹ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ dìde dúró.

Kì í ṣe pé wọ́n ya òmùgọ̀ o. Lọ́dọ̀ tiwa, èrò ni ẹni tó dúró ní gáréèjì, tó san owó ọkọ̀, tí awakọ̀ kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Ìyá ọlọ́kọ̀ kì í ṣe èrò. Àna rẹ̀ kì í ṣe èrò. Pásítọ̀ tí a fi mọ́tò gbé délé, ta ló jẹ́ pe ìyẹn ní èrò? Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé òfin ní kí Ṣògo má gbé èrò, ohun tó yé wọn ni pé òfin ti ya bàálù náà sọ́tọ̀ fún ẹbí. Kí a tó gba àdúrà ìkẹyìn, obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti ń bi mí bóyá bàálù náà lè bá òun gbé ẹrù díẹ̀ lọ sí Kánò.

Ṣògo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà, Mùjídàt, ọmọ Alhaji Mùnírù oníṣẹ́ awọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Nígbà tí a lọ kí wọn nílé, Alhaji jókòó láàrin àwọn àpò àti tìmùtìmù tó ń rán, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sì pọn dandan kó sọ̀rọ̀, Díákónì ń sọ ti àwọn méjèèjì. Ó ní bó bá ṣe díẹ̀ sí i, kí Alhaji máa gbójú sókè, yóò rí òun àti ọmọ òun lókè ilé rẹ̀, àwọn á sì juwọ́ sí i.

"Ṣé wọ́n ti fún un ní láísẹ́ǹsì ni?" Alhaji bi í.

"Láísẹ́ǹsì wà lọ́nà."

"Ẹ jẹ́ kó dé," Alhaji wí, ó sì fa okùn abẹ́rẹ́ rẹ̀ le.

Ohun tó wà lọ́nà yìí kò tètè dé. Ọ̀gá tó ń kọ́ Ṣògo, Kápútéènì Ọládépò, kò fẹ́ buwọ́ lu ṣólò fún un, ó ní bó ṣe ń balẹ̀ kò tíì tẹ́ òun lọ́rùn. Ṣògo kò bínú, ó ní òótọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló bínú. Lójú Díákónì, kò sí òfin kankan láyé yìí, ọ̀gá tí a kò tíì bẹ̀ dáadáa ló wà. Ó kó iṣu, ó mú díákónì méjì lẹ́yìn, wọ́n gba Ìlọrin lọ. Wọn kò gba ọ́fíìsì. Wọ́n rí ilẹ̀ gbọọrọ kan tó tẹ́jú dáadáa, wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá pẹ̀lú iṣu lórí. Ibi tí bàálù ń gbà balẹ̀ ni. Èyí tó fẹ́ balẹ̀ lọ́wọ́ rí agbádá mẹ́ta níwájú rẹ̀, ó tún gbéra padà sókè.

Kápútéènì pàdé wọn níbẹ̀, Ṣògo ń sá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí lẹ wá bẹ̀ mí fún, bàbá?"

"Kí ẹ fojú àánú wo ọmọ yìí ni, kí ẹ buwọ́ lù ú."

"Bàálù ò lójú àánú, sà." Ó ní kí wọ́n gbé iṣu wọn. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ṣògo níṣojú gbogbo wọn. "Ṣé o rí èyí? Mi ò fẹ́ rí i mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹbí ẹ bá tún dá sí iṣẹ́ mi, tàbí tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan tí kì í ṣe olùkọ́ jókòó tì ẹ́ nínú bàálù mi, tàbí tí oòrùn wọ̀ kó o tó dé, kó ẹrù ẹ máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀ mí."

Nígbà tí Ṣògo sọ ọ́ fún mi, ó sunkún ní pálọ̀ mi. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kápútéènì ló ń dun òun. Ohun tó dun òun ni pé bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, bàbá òun ń sọ fún àwọn méjì yòókù pé ọ̀gá náà fẹ́ràn àwọn gan-an, ojú rẹ̀ ló kàn le. Mo fọwọ́ pa á lórí. Inú bí mi sí bàbá rẹ̀ débi pé n kò lè jẹun alẹ́.

Ó padà sí Ìlọrin, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, bó ṣe ń balẹ̀ tẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́rùn, ó sì buwọ́ lù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé iṣu wá. Ó ku kírọ́ọ̀sì-kọ́ńtìrì ìkẹyìn, lóun nìkan, àti ìdánwò, kí láísẹ́ǹsì tó dé. Wọ́n ní kó wá balẹ̀ sí pápá kan lẹ́yìn Ìrẹsà, nítòsí ìlú wa, níbi tí àwọn òyìnbó kan máa ń fi bàálù kékeré balẹ̀ sí láyé àtijọ́, kí olùṣọ́ pápá náà buwọ́ lu ìwé fún un pé ó dé, kó sì padà sí Ìlọrin kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún, mo sì pa ẹnu mi dé. Ó sọ fún Mùjídàt. Mùjídàt sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá Díákónì pàdé níbi ìsìnkú kan, ó sì kí i kú oríire ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kò níyẹ̀ẹ́, bàálù kankan kò sì lè bá a.

Nígbà tí mo dé pápá náà ní Sátidé, mo ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ mi. Mo rí àga ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Mo rí ẹgbẹ́ akọrin. Mo rí onífótò. Àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà ti kó ewúrẹ́ wọn kúrò lórí pápá nítorí Díákónì sọ fún wọn pé ìjọba ń bọ̀. Alhaji Mùnírù náà ti dé láti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n inú Píjò rẹ̀ ló jókòó sí, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Bàálù yọ láti apá Ìlọrin, ó funfun, ó kéré. Ó yí pápá po, ó wá balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Mo sunkún níwájú gbogbo ènìyàn, n kò sì tijú.

Ojú Ṣògo yí padà nígbà tó rí àga. Ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó kí mi, ó kí Alhaji, ó sì sáré lọ bá olùṣọ́ pápá fún ìbuwọ́lù. Níbi tó ti ń gbà á lọ́wọ́ ni onífótò ti sọ fún Díákónì pé fótò yóò dùn bó bá gòkè sínú bàálù díẹ̀. Díákónì gòkè. Wọ́n ya fótò. Nígbà tí Ṣògo yíjú padà, bàbá rẹ̀ ti jókòó dáadáa sí ìjókòó apá ọ̀tún, ó ti kó agbádá lé itan, ó sì ti di bẹ́líìtì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀. Oòrùn ti ń lọ."

"Fi mí yí ìlú po lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá dé orí ilé wa, kó o rọra, kí wọ́n lè rí mi."

"Òfin ò gbà mí láyè pasẹ́ńjà, sà."

"Ta ni pasẹ́ńjà? Owó ọkọ̀ wo lo gbà lọ́wọ́ mi? Èmi tí mo bí ọ, èmi lo wá ń pè ní èrò níṣojú àna ẹ?"

Àwọn ènìyàn ń mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ṣògo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn bó ṣe ṣàlàyé fún mi ní pálọ̀, pé ọ̀rọ̀ owó kọ́, pé ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ inú bàálù ni òfin ń wí. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn díákónì tó gbé iṣu lọ sí Ìlọrin ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le. Ó mú máàpù tó wà lórí ìjókòó, ó fi sí ọwọ́ Díákónì Akínpẹ̀lú, ó ní ó ti di òṣìṣẹ́ báyìí. Àwọn ènìyàn ní ọgbọ́n nìyẹn. Ẹnì kan rán Ṣògo létí oòrùn tí ń lọ, ẹnì kejì sì rán ẹni yẹn létí pé oòrùn dúró fún Jóṣúà. Ni ẹgbẹ́ akọrin bá mú orin sẹ́nu.

Ṣògo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko. "Ẹ sọ̀kalẹ̀, sà. Ẹ dákun. Wọ́n á lé mi."

"Kò sẹ́ni tó máa lé ọ," bàbá rẹ̀ dáhùn láti òkè. "Bí wọ́n bá lé ọ, a ó lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo sún mọ́ bàálù náà. Mo ní, "Díákónì, nítorí ẹ̀gbọ́n mi tó ti lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ọmọ yìí lè máa lọ."

"Martha, ọ̀rọ̀ bàálù yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Lọ jókòó."

Ó sì pe Alhaji látibi tó wà, ó ní kó máa múra, pé bí àwọn bá ti dé, òun ló kàn. Alhaji kò dìde. Ó ní òun kì í wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ kò pe òun sí.

Mo wo gbogbo wọn. Mo wo àwọn àgbà tó ń rẹ́rìn-ín, mo wo agbádá tó kún ìjókòó olùkọ́, mo wo ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi tọ́ tó dojú bolẹ̀ nínú koríko pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fọ̀ fún un, mo sì kórìíra ìlú wa lọ́jọ́ yẹn. Oòrùn ti fara kan orí ọ̀pẹ. Bí wọ́n ṣe máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí nìyí, pẹ̀lú orin àti ẹ̀rín, wọ́n á sì ní ìfẹ́ ni.

Ṣògo dìde. Ó gbọn koríko kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ó yípo imú bàálù lọ sí apá ọ̀tún, ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Èmi ni páílọ́ọ̀tì-ìn-kọmáǹdì ọkọ̀ yìí," ó wí. "Sọ̀kalẹ̀."

Kò pariwo. Kò fi "ẹ" ṣíwájú rẹ̀, kò fi "sà" tì í lẹ́yìn. Orin dá. Onífótò sọ ọwọ́ kámẹ́rà sílẹ̀. Ó jọ pé àwọn ewúrẹ́ ìdí igbó pàápàá gbọ́ ọ.

Díákónì wo ojú ọmọ rẹ̀. N kò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Ó tú bẹ́líìtì, ó kó agbádá rẹ̀ jọ, ó sọ̀kalẹ̀. Ṣògo gba máàpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé sápá òsì, ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, a sì sún sẹ́yìn. Ó gbéra lọ. Ó dé Ìlọrin nígbà tí oòrùn kò ju bíńtín lọ lójú ọ̀run. Kápútéènì wo oòrùn, ó wo Ṣògo, ó ní ó káre. Ó ku ìdánwò.

Ṣé ẹ rò pé nílùú wa, ẹnì kan sọ pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dá nìkan fi bàálù balẹ̀, ó sì dá nìkan gbé e lọ? Ẹnì kan kò sọ ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Ṣògo ní "sọ̀kalẹ̀" fún bàbá rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ọjà Igbó, Ṣògo ti fà á bọ́ sílẹ̀. Kó tó dé Ọ̀yọ́, ó ti gbá a létí. Àwọn tó wà lórí pápá gan-an ló ń sọ ọ́, àwọn tí wọ́n fi máàpù sọ arúgbó di òṣìṣẹ́. Díákónì mú ọ̀dà funfun, ó pa ohun tó wà lára ògiri rẹ̀ rẹ́. Ó ní bí Ṣògo kò bá wá dọ̀bálẹ̀ fún òun, kó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ìlú pé òun kò láṣẹ láti sọ ohun tí òun sọ, òun bàbá fúnra òun ni yóò lọ bá Kápútéènì ní Ìlọrin, yóò sì sọ fún un pé òun jókòó sínú bàálù rẹ̀.

Ó lè ṣe é. Ẹ kò mọ Díákónì ni. Yóò ba ọmọ náà jẹ́ tán, yóò sì tún mú iṣu dání lọ bẹ̀bẹ̀ fún un.

Alhaji Mùnírù ló ránṣẹ́ pè wá sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òun nìkan ni Díákónì lè gbọ́ tirẹ̀ ní sáà yẹn. A jókòó sórí àwọn tìmùtìmù rẹ̀. Mùjídàt gbé omi wá, ó wo Ṣògo, ó sì yára padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ti ń gbọ́. Ṣògo ti dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kó máà bínú, pé òun kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, pé bó bá fẹ́, òun á bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n pé òun kò láṣẹ, ìyẹn ni òun kò lè sọ. Ó ní ẹni tó bá sọ ìyẹn kò gbọdọ̀ wa bàálù mọ́.

"Ẹ gbọ́ ọ?" Díákónì wí. "Ó ṣì ń sọ ọ́. Alhaji, mo bí ọmọ, mo rán an níwèé, ó wá ń lé mi bọ́ sílẹ̀ bí ẹni lé adìyẹ. 'Sọ̀kalẹ̀.' Bó ṣe wí nìyẹn. 'Sọ̀kalẹ̀.'"

Alhaji gbé awọ tó ń gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Lèmọ́ọ̀mù wa ní mọ́ṣáláṣí ìdí ilé yìí, ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ awọ ni. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìrun, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo máa ń wà. Bó bá tẹ̀ba, màá tẹ̀ba."

"Ọlọ́run ni ìyẹn ń bá sọ̀rọ̀. Èmi ni eléyìí bá sọ̀rọ̀. 'Ẹ' tí kò fi sí i ló ń dùn mí. 'Ẹ' lásán. Kí ló máa ná an?"

Mo la ẹnu láti fèsì, Alhaji sì gbé ọwọ́ sókè sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo pa á dé.

"Ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Díákónì," ó wí. "Kò dáa kí ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ká ní ó fi 'ẹ' sí i. Ká ní ó dojú bolẹ̀, ó ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ̀kalẹ̀.' Ṣé ẹ máa sọ̀kalẹ̀?"

Díákónì kì í purọ́ bí wọ́n bá bi í léèrè tààrà. Mo gbà fún un níbẹ̀. Ó rò ó, ó tún un rò.

"Rárá," ó wí. "Kí ló máa mú mi sọ̀kalẹ̀ nígbà náà?"

Díákónì fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó wo Alhaji, ó wò mí, ó sì wolẹ̀.

Alhaji na ọwọ́ sí Ṣògo. "Dìde, ọmọ mi. O ti dọ̀bálẹ̀ tó."